Àwìn Òṣómàáló àti Àwìn Oníkáàdì
Èwo ló sàn fún onígbèsè: ìtìjú gbangba ni, tàbí èlé tó fara sin? Ní nǹkan bí ọdún 1930, òṣómàáló ará Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ láwìn a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó yóò fi jáde. Ìwọ̀sí ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ iye tí òun jẹ. Káàdì àwìn ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà kì í lóṣòó ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dínwó ló fi ń kí ni káàbọ̀. Àǹfààní gidi sì ni fún ẹni tó ń san gbogbo gbèsè rẹ̀ lásìkò. Èlé rẹ̀ ẹ̀wẹ̀ lè ju 30 nínú 100 lọ lọ́dún. Àwìn “aláìlélé” oṣù 12 ló tilẹ̀ burú jù: bí dọ́là kan bá ṣẹ́ kù nígbà tí oṣù pé, wọn a ṣírò èlé padà láti ọjọ́ tí a rajà.