Ẹjọ́ Tó Ń Dúró ní Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀wọ̀n

Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:35-40, Mátíù 5:25-26

Ìdílé kan lè ti se ìrẹsì, kí wọ́n ti háyà mọ́tò, kí wọ́n lọ pàdé ọmọ wọn tó parí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Bó ti yọ ẹsẹ̀ ní géètì báyìí, ọlọ́pàá ti dúró dè é pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti mú un, nítorí ẹjọ́ mìíràn tó wà ní kóòtù ìlú mìíràn. Ayọ̀ di ẹkún. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Olùfẹ́, bí o bá mọ̀ pé ẹjọ́ kejì ṣẹ́kù lọ́rùn ẹni rẹ tó wà lẹ́wọ̀n, kí ló tọ́ kí o ṣe? Ṣé kí o dákẹ́, kí o máa gbàdúrà pé kí fáìlì rẹ̀ sọnù? Àbí kí o ràn án lọ́wọ́ láti béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà kó tó jáde?

Fáìlì tó sọnù kò pa ẹjọ́. Ní Nàìjíríà wa níbí, ó wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn pẹ́ ní àtìmọ́lé láìrí adájọ́. Kò sí ẹni tó lè dá wọn láre, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ohun tí a pè ní ìdáǹdè ti di ìdè.

Wo Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní Fílípì. Àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Wọ́n ti nà wọ́n ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, nítorí náà kí àwọn onídàájọ́ fúnra wọn wá mú wọn jáde. Bó bá yọ́ lọ ni, orúkọ ọ̀daràn ì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ì bá sì lẹ̀ mọ́ ìjọ kékeré tó ń fi sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan ọkùnrin kan ní Texas ní 1960, nígbà tó wà ní ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Kansas. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun. Wọ́n dá a lóhùn pé kó mú ọjọ́ tí òun lè wà ní kóòtù, àwọn yóò sì gbọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Báwo ni ẹlẹ́wọ̀n ṣe fẹ́ mú ọjọ́ tí yóò jáde? Ọdún mẹ́fà ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Ní 1969, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn sọ pé ojúṣe Texas ni láti sapá gidigidi kí wọ́n mú un wá sí kóòtù. Lónìí, àdéhùn kan wà láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, tí ìjọba àpapọ̀ náà wọ̀ ní 1970. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá béèrè bó ti yẹ, wọ́n ní láti gbọ́ ẹjọ́ tó ṣẹ́kù náà láàárín ọjọ́ 180. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ìdí tó yè kooro, adájọ́ yóò fagi lé e.

Ẹnìkan yóò ní, “Pásítọ̀, ṣé kí a wá fọwọ́ ara wa fa ejò jáde nínú ihò ni?” Òótọ́ ni pé ìdájọ́ lè burú, ọdún sì lè gorí ọdún. Ṣùgbọ́n ejò náà kò kúrò níbẹ̀. Bí adájọ́ bá gbọ́ ẹjọ́ náà nígbà tí ẹnìkan ṣì wà lẹ́wọ̀n, ó ṣeé ṣe kó ní kí ìjìyà méjèèjì máa lọ pọ̀. Bó bá pẹ́, àǹfààní yẹn ti bọ́. Ẹ̀wọ̀n tí a dá ní iye, a lè ka ọjọ́ rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ tí a kò mọ̀, kò ní iye. Obìnrin tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà ń dúró de ìdájọ́. Bí ọdún ti ń lọ, ẹlẹ́rìí ń kú, àwọn mìíràn ń gbàgbé. Gbígbọ́ ẹjọ́ yàtọ̀ sí fífi orí jin ọ̀daràn.

Ìwọ wọ́dà, agbefọ́ba, akọ̀wé kóòtù tó ń ka ìwé yìí, má ṣe fi ìwé àṣẹ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ títí di ọjọ́ ìtúsílẹ̀. Ìkà ni. Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti 2015 ní kí ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n máa fi orúkọ gbogbo ẹni tó ti lé ní ọjọ́ 180 láìrí ìdájọ́ ránṣẹ́ sí adájọ́ àgbà ní gbogbo ọjọ́ 90. Ènìyàn ni orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ tí o ní ènìyàn níbẹ̀, bi í léèrè bóyá ẹjọ́ mìíràn ṣẹ́kù. Bí kò bá sí owó lọ́yà, lọ bá Legal Aid Council. Má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní rìbá kó lè sọ fáìlì nù.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti dojú kọ ohun tí mo ń sá fún. Rántí àwọn tí ẹjọ́ wọn ti di àgbàgbétán, kí o sì gbé àwọn olódodo dìde tí yóò gbọ́ ọ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.