Ìgbátí Òrùlé

Ẹ ṣí Ìwé Deuteronomi, orí 22, ẹsẹ 8. Níbẹ̀ ni a gbé pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́. Àwọn kan nínú wa a máa wí pé ẹni tí ó bá san owó ìnṣọ́ránsì lórí ilé rẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run tó. Àwa kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan náà ni í fi kọ́kọ́rọ́ ti ìlẹ̀kùn wọn ní alẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn wọ̀nyí ni a ń bá wí lónìí, bí kò ṣe ẹni tí ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ wà nínú àpótí, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lásán. Ìgbátí tí kò ga dé orúnkún kò lè gba ẹnikẹ́ni dúró.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwa fúnra wa. Ní ọdún 2012 a fi ilé wa sí ìnṣọ́ránsì fún náírà mílíọ̀nù 5. Ọdọọdún ni a ń san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò yẹ ìwé náà wò mọ́. Ní ọdún 2022 iná sítóòfù jó ilé ìdáná wa àti yàrá kan. Àtúnṣe rẹ̀ gba mílíọ̀nù 4. Níwọ̀n bí 4 kò ti tó 5, a rò pé wọn yóò san gbogbo rẹ̀. Mílíọ̀nù 1 péré ni wọ́n san. Inú bí wa púpọ̀. Kí Olúwa dárí ohun tí a sọ sí wọn jì wá. Nítorí ó wà nínú ìwé tí a fi ọwọ́ ara wa sí: títún ilé náà kọ́ láti ìpìlẹ̀ ti di mílíọ̀nù 20, ìdámẹ́rin rẹ̀ nìkan ni a sì ti dáàbò bò. Nítorí náà ìdámẹ́rin òfò náà ni tiwọn, ìyókù sì di tiwa. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni a fi kan òrùlé ní ọdún náà.

Ẹ kíyèsí i: iye tí a lè ta ilé kọ́ ni a ń kọ sínú ìwé náà, nítorí ilẹ̀ kì í jóná. Iye tí símẹ́ǹtì, páànù, pákó, owó àwọn bíríkìlà àti kíkó àlàpà kúrò yóò gbà lónìí ni. Ẹrù inú ilé ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí a sì bèèrè bóyá ìjì àti àgbàrá òjò wà níbẹ̀, nítorí ìwé tí a kọ fún iná nìkan kò mọ omi.

Olúwa wa sọ ti ẹni tí ń kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀ (Luku 14:28). Àwa ti yan ọ̀sẹ̀ Ìkórè fún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ní èṣí, bíríkìlà àgbà kan bá wa wọn ilé náà, ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó ju mílíọ̀nù 20 lọ jìnnà, owó ọdọọdún sì gòkè pẹ̀lú. A san án.