Ta Ni Ó Ni Ìmọ̀ Inú Ẹ̀jẹ̀?

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní ìjọ wa tí n kò tí ì lè gbé kúrò ní ọkàn mi, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn olùkàwé wa, pàápàá àwọn olùkọ́, bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Pọbẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, fẹ́ gbé ìyàwó. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà, a ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwé tí ilé àyẹ̀wò kan fún un sọ pé AA ni. Ti ọmọbìnrin náà jẹ́ AS. A sì so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ọmọ wọn kejì kò tí ì pé ọdún kan tí àrùn fòníkú-fọ̀ládìde fi fara hàn lára rẹ̀. Ìwé ni ó purọ́: AS ni bàbá ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìwé náà ni ó ń dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Pọbẹ̀ ti bí ọmọ kan tí àrùn kan náà ń bá jà, ó sì ti fi í pamọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, kí aráyé má ba à fi ilé wọn ṣe ẹlẹ́yà. Bí àbúrò rẹ̀ bá ti gbọ́ ni, kò ní ṣàì tún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Nígbà tí a bi obìnrin náà léèrè, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Ṣé kí n máa kéde rẹ̀ ní ọjà ni?”

Èmi kò lè dá a lẹ́bi tán. Bíbo àṣírí aláìsàn jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò rí bí ilé tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ kọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bàbá àti ìyá ni ó fi lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ lé àwọn ọmọ ìyá wa lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ka tèmi ti ka apá kan tiwọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. Báwo ni n ó ṣe wá wí pé tèmi nìkan ni?

Ọ̀ràn yìí ti kúrò ní ti ìdílé kan ṣoṣo. Ìmọ̀ ìṣègùn ń lọ síbi tí a ó ti máa wọn oògùn fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ti rí, bí télọ̀ ti ń wọn ènìyàn kí ó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Ẹ wo efavirenz, oògùn tí a fi ń tọ́jú àwọn tí ó ní kòkòrò HIV. Ìwọ̀n kan náà, mílígíráàmù 600 lójúmọ́, ni a máa ń fún àwọn àgbà káàkiri tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Zimbabwe rí i pé nǹkan bí ènìyàn kan nínú márùn-ún níbẹ̀ ni ó jogún irú jíìnì kan tí kì í jẹ́ kí ara tètè lo oògùn náà tán. Ó ń kó jọ sí wọn lára, wọ́n ń lá àlá burúkú, òòyì ń kọ́ wọn, ọkàn wọn sì ń dàrú. Ohun tí ó jẹ́ ìwòsàn fún aládùúgbò wọn di àpọ̀jù fún wọn. Kí a tó lè mọ irú èyí, a ní láti ka ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀, kí a sì kó àkọsílẹ̀ wọn jọ sínú kọ̀ǹpútà kan náà. Kò sí ìjọba kan tí ó lè dá a ṣe.

Àwa Yorùbá ní ìpín nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní ọdún 2002, ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, 90 nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn: ọgbọ̀n bàbá, ọgbọ̀n ìyá, àti ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí. A kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. A gba ìyọ̀ǹda. A kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìlú àti ti ẹ̀yà ni a kọ. Àwọn 90 wọ̀nyí ṣe ohun rere, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wọ́n sọ̀rọ̀ fún wa tí a kò rán wọn níṣẹ́, àti fún àwọn ará Kétu pẹ̀lú, tí àdéhùn Òyìnbó ní 1889 gé kúrò lára wa. Ààlà náà wà lórí ìwé. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé kí olúkúlùkù orílẹ̀-èdè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí a ti rẹ́ wa jẹ rí. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní 2019, yunifásítì kan ní Gúúsù Áfíríkà béèrè pé kí ilé ìwádìí kan ní Ìlú Ọba dá DNA àwọn ará Áfíríkà padà, nítorí ẹ̀sùn pé a fẹ́ fi ṣòwò láìgba ìyọ̀ǹda. Ilé ìwádìí náà ní òun kò ṣe ohun àìtọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè gbà wá lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ ni kí àwa tí a múlé gbera para pọ̀ ṣe iṣẹ́ náà fúnra wa. Ètò H3Africa, tí owó Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba gbé ró láti 2012 di 2022, fi ilé ìpamọ́ sí Àbújá, sí Uganda àti sí Gúúsù Áfíríkà. Ní oṣù kẹta 2020, Ẹdẹ tiwa níhìn-ín ni a ti ka jíìnì kòrónà ní àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà, a sì fi í han gbogbo ayé.

Òfin pẹ̀lú ti dé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Malabo ní 2014 nípa ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2023, oṣù kan náà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń wò, ẹni tí ó jókòó níwájú dókítà. Lójú tèmi, ìyọ̀ǹda kò pé bí a kò bá sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ní èdè abínibí rẹ̀, àwọn wo ni ó tún ń sọ̀rọ̀ fún, kí a sì bá a ṣètò bí ohun tí ó bá kàn wọ́n yóò ṣe dé etí wọn.

Olùkọ́ wa ti kọ̀wé sí gbogbo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí àbíkẹ́yìn, tí ó ń gbé ní Kútọnu tí ó sì ń múra ìgbéyàwó, fèsì pé òun kò fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní kí n bá a sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sí i pé bí kò bá fẹ́ mọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé òun kò mọ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kò tí ì dá mi lóhùn.