Bí Ó Ṣe Yẹ Ká Kọ́ Èdè Tó Le

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí a bá fi òwe yìí wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Ṣáínà ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà, a óò rí i pé ẹni tí ẹ̀kọ́ náà ń ni lára kì í fi dandan ṣe olódo. Ohun tó sábà máa ń dà wọ́n láàmú ni pé wọ́n fẹ́ gbé odidi ara wọgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Èrò mi ni pé a kì í fi ipá kọ́ èdè tó le. Ṣe là ń bù ú ní kékeré lójoojúmọ́, tí à ń fi ẹnu pè é síta, tí à ń fi ọwọ́ kọ ọ́, tí a sì ń padà sórí èyí tí a ti kọ́ ká tó ṣí ojú ìwé tuntun.

Kì í ṣe eré ló gbé àwọn ọmọ yìí dé ìdí ẹ̀kọ́ náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Confucius Institute, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Ṣáínà, ti wà nínú ọgbà yunifásítì yìí. Ojú irin tó gbéra láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157, iṣẹ́ CCECC, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé ti ilẹ̀ Ṣáínà, ni, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n sì ṣí i. Níbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹni tó lè ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn ará Ṣáínà àti àwa ará ilé kò ní í ṣàìwúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Foreign Service Institute ti Amẹ́ríkà, tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní èdè ilẹ̀ òkèèrè, ka èdè Ṣáínà mọ́ àwọn tó nira jù lọ fún elédè Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí wákàtí 2,200 nínú kíláàsì ni wọ́n fi sí i, Faransé kò sì gbà tó ìdajì rẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan, nítorí etí wa ti mọ ìyàtọ̀ ohùn òkè sí ohùn ìsàlẹ̀ láti kékeré. Ibi tí àǹfààní yẹn kò dé ni ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ igi, 木. Ìlà ìbú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà, láti òsì sí ọ̀tún. Wọ́n á wá fa ìlà òró láti òkè wá sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó dà sí òsì, kí èyí tó dà sí ọ̀tún tó kẹ́yìn. Ìlà mẹ́rin péré ni. Bí wọ́n bá kọ igi méjì pọ̀, 林, ó di igbó. Bí ó bá di mẹ́ta, 森, ó di igbó kìjikìji. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ igi títí tó fi mọ́ ọn lọ́wọ́ ti fi ẹyọ kan gba mẹ́ta. Èyí tó sá fún ìpìlẹ̀ yóò máa há ìlà méjìlá sórí nítorí igbó kìjikìji nìkan, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kù. Nínú HSK, ìdánwò ìmọ̀ èdè Ṣáínà, bí wọ́n ṣe tún un tò ní 2010, ọ̀rọ̀ 150 ni ìpele kìíní béèrè, ìpele kẹfà sì béèrè 5,000. Kò sí àìsùn òru kan tó lè gbé ènìyàn láti ìpele kìíní dé ìkẹfà.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nílẹ̀. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó rí i pé ohun tí a kọ́ ń tètè bọ́ lórí wa láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan, àti pé àtúnkà tí a fọ́n sí ọjọ́ púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí a kó jọ sójú kan lọ. Àwọn babaláwo kò dúró de ìwé rẹ̀. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ inú wọn kò sì lóǹkà. Ọmọ awo á kọ́kọ́ mọ odù dá mọ̀ lójú ọ̀pẹ̀lẹ̀, kó tó máa gba ẹsẹ díẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á sì ní kó kì í fún òun gbọ́. Ẹ lọ sí ilé kéwú ní Múṣín, ọgbọ́n kan náà lẹ óò bá níbẹ̀: ohun tí àáfà kọ sójú wàláà kì í parẹ́ títí ọmọ yóò fi lè kà á dáadáa.

Àwọn kan á ní àkọ́sórí lásán nìyẹn, pé ayékòótọ́ náà mọ ọ̀rọ̀ pè. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń pe ohun tí kò yé e kò tíì gbédè. Ṣùgbọ́n òye nílò ohun tí yóò ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu, kí ni gírámà yóò tò fún un? Ọmọ awo tó ti há ẹsẹ sórí ló ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, abéèrè kì í sì í ṣìnà. Kíráàmù alẹ́ ìdánwò gan-an ni àkọ́sórí tí kò lérè, nítorí kì í pẹ́ lórí tó láti di ohun tí a lè ronú lé.

Àwọn mìíràn á ní kò sí àyè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Múṣín gba Ojúẹlẹ́gbà àti Yábàá kó tó dé Akọkà mọ iye àkókò tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń jẹ lójúmọ́, iná sì lè má sí nígbà tó bá padà délé. N kò fojú kéré ìnira yìí. Òun gan-an ló fi yẹ ká yàgò fún ọ̀nà tó ń béèrè odidi òru àti iná tí kì í kú. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lórí bébà pélébé ṣe é kà nínú dáńfó, ó ṣe é pè sẹ́nu ní ibùdókọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ní ti àwọn tó ní àwọn kò lórí èdè, orí yàtọ̀ síra lóòótọ́, ẹlòmíràn á sì yára ju ẹlòmíràn lọ. Ìyára kò sọ pé ẹni tó ń falẹ̀ kò ní í débẹ̀, bí kò bá ṣáà dúró.

Àwọn olùkọ́ náà ní ipa tiwọn. Bí máàkì tó pọ̀ jù bá wà lórí ìdánwò ìparí, àwọn gan-an ló ń kọ́ ọmọ láti dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Kí wọ́n máa dán wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní kékeré, kí ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tó kọjá máa wà nínú ti ọ̀sẹ̀ tuntun, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ pe ọ̀rọ̀ lójú ẹgbẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má sì dúró dìgbà tó bá ní kárí-ófà, ìyẹn iṣẹ́ tó já tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, kó tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kìíní ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ lójoojúmọ́ láti ìgbà náà kò ní í wá oògùn ìsọyè kiri nígbà ìdánwò, ohun tó kọ́ yóò sì tún wà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn tí ìdánwò bá ti parí.