Sọ Gbogbo Òtítọ́

Ẹ kà: Máàkù 5:25-34



Bí a bá ń wàásù lórí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ etí aṣọ Jésù la máa ń sọ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 33: ó wólẹ̀ níwájú Olúwa, ó sì sọ gbogbo òtítọ́ fún un. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí lónìí, nítorí ẹ̀yin tí oríkèé ń ro, àti ẹ̀yin tí òbí yín ní làkúrègbé nílé.

Ìyá mi wà lára wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó máa ń pẹ́ kí ìka wọn tó ṣeé ká. Rheumatoid arthritis ni dókítà pè é: ohun tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara ló yíjú sí oríkèé. Wọ́n fún wọn ní methotrexate, tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn ará àdúgbò náà gbé ìpara wá, wọ́n gbé egbò tí wọ́n rẹ sínú ògógóró wá. Ìyá mi lo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí dókítà béèrè ohun mìíràn tí wọ́n ń lò, wọ́n ní kò sí. Ẹ̀rù ìbáwí ló ń bà wọ́n.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú u fó: methotrexate pẹ̀lú ọtí lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ni ìyá mi kó gbogbo ìgò náà lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kí wọ́n fi ti ògógóró sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa fi ìpara wọn para.

Ewu mìíràn tún wà. Wọ́n ti bá oògùn bíi dexamethasone nínú àwọn ẹ̀tù kan tí wọ́n ń tà bí ewé àti egbò lásán. Ara á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, egungun á di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ tó sì dá a dúró lójijì lè ṣubú lulẹ̀.

Èmi kò sọ pé ewé burú. Ọlọ́run ló dá a. Nígbà tí Olúwa gbọ́ àdúrà Hesekáyà, ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n fi lé òówo rẹ̀ (2 Ọba 20:7). Oníṣègùn ni Lúùkù. Ọba Ásà tí àrùn mú lẹ́sẹ̀ wá oníṣègùn, ṣùgbọ́n kò wá Olúwa. Ohun tí Bíbélì rí sí i nìyẹn (2 Kíróníkà 16:12). Àdúrà kò bá oògùn jà. Irọ́ ni kò bá èyíkéyìí nínú wọn rẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá sọdá Ọya lọ sílé fún ìsinmi, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín ohun tí wọ́n ń mu. Ẹ má bá wọn wí. Ẹ kó ìgò àti páálí rẹ̀ sínú àpò, ẹ bá wọn gbé e dé iwájú dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá lẹ́yìn àdúrà. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kọ́kọ́. Ìwòsàn Olúwa kò sá fún àyẹ̀wò.

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́, kí o sì na ọwọ́ ìwòsàn rẹ sí oríkèé àwọn èèyàn wa. Àmín.