Kí Ni Sùúrù fún Ẹni tí Ó Ń Dúró De Ọjọ́ Ìwòsàn?

Bí a bá wọ kíláàsì tí a sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé kí ni baba ìwà, kò sí ẹni tí kò ní dáhùn pé sùúrù ni. Ẹnu wa ti mọ́ ọn. A kọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wa, àwa náà sì ń fi kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò fún wàrà kìnnìún mu. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà tí wọ́n sọ èyí ni wọ́n tún sọ pé ìjáfara léwu. Èwo ni kí ọmọ ènìyàn tẹ̀ lé nígbà tí ìṣòro bá dé, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì sì jọ ń pè é? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán fún mi ní ọdún yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní Ogunu, ní ìlú Warri, ni ó gbé e ka iwájú mi.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni kò kọjá Benin rí. Ogunu wà ní ẹ̀bá odò Warri. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ epo Shell fi ṣe ibùdó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kí wọ́n tó ta ẹ̀ka wọn tí ń wa epo lórí ilẹ̀ ní Nàìjíríà fún ilé-iṣẹ́ Renaissance ní oṣù kẹta ọdún 2025. Iṣẹ́ epo ni ó gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ni àwọn aládùúgbò wọn. Ẹni tí ó bá fetí sí èdè Itsekiri dáadáa yóò mọ̀ pé ìbátan èdè wa ni. Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ kò ní pẹ́ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kan ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fọ aṣọ, ó dákẹ́. Oṣù méjì ni ó fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kí òun ṣe sùúrù, pé yóò lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ tí ó lò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìdákẹ́ ní sùúrù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó rí aṣọ náà tí ó sì fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n mú díẹ̀ nínú ara inú ilé ọmọ, wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rí sì fi hàn pé àrùn náà kò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ. Ìpele kìíní ni àwọn oníṣègùn ń pe ìyẹn nínú ìpele mẹ́rin. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìrókò yìí ṣì kéré. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà síwájú.

N óò yà bàrá díẹ̀ níhìn-ín nítorí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, àní nínú ọgbà wa pàápàá. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ọrùn ilé ọmọ ni kòkòrò àìfojúrí kan tí à ń pè ní HPV sábà máa ń fà; nítorí rẹ̀ ni ìjọba Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í dènà ti inú ilé ọmọ gan-an. Ọjọ́ orí, ara sísan ní àsanjù, àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tí ó máa ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún èyí. Àmì rẹ̀ tí ó hàn jù ni irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi rí, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó rí i ni kò ní jẹjẹrẹ rárá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó rí i kí ó dákẹ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti tàn ni àwọn ènìyàn ti ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ẹnì kan gbé àgbo wá nínú ìgò, ó ní kí ó mu ún fún oṣù mẹ́ta ná kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ kàn án. Ẹnì kan ní ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ọ̀rọ̀ náà gbà, àti pé onígbàgbọ́ kì í sáré lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ìbátan ọkọ rẹ̀ kan ní kí wọ́n dúró kí òun ránṣẹ́ sí ọmọ òun ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sọ ọjọ́ tí èsì yóò dé. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò ṣiyè méjì nípa ìyẹn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn fi ń kádìí ọ̀rọ̀ wọn: “Ẹ ṣáà ní sùúrù, mà.” Dókítà náà sì ti sọ ọ́ ṣáájú wọn.

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí ọ̀rọ̀ tí ó bá bá gbogbo ẹnu mu. Àwọn onímọ̀ ti sọ fún wa pé láti inú èdè Lárúbáwá ni sùúrù ti wọ inú èdè wa. A tún ní ẹ̀sọ̀, a ní ìrọ́jú, a ní ìfaradà, wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ń rọ́jú ni ẹni tí ìyà ń jẹ tí kò sì wó lulẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ẹ̀sọ̀ ń ṣe nǹkan lọ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bà. Sùúrù ti wá gba iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe, ó tẹ́ bí ẹní, ọ̀lẹ àti akíkanjú sì lè jọ jókòó lé e lórí.

Lójú tèmi, ẹ̀sọ̀ ni dókítà ń béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kún fún iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi ga, wọ́n ní láti mú un wálẹ̀ kí wọ́n tó lè kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní láti yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wá àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sílẹ̀ dè é. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ní òpin, òpin náà sì ní ọjọ́. Ti alágbo kò ní ọjọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá pé yóò béèrè mẹ́ta mìíràn, jẹjẹrẹ kò sì ní bá a ka oṣù. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí a ní sùúrù, ó tọ́ kí a bi í pé títí di ọjọ́ wo, àti pé kí ni a ó máa ṣe títí di ìgbà náà. Bí kò bá ní ìdáhùn sí méjèèjì, ìjáfara ni ó ń pè wá sí, bí ohùn rẹ̀ ti wù kí ó tutù tó.

Àgbà kan nínú ẹ̀ka wa gbọ́ àlàyé yìí, ó sì bi mí pé àwọn ilé ìwòsàn tí ń dá ọjọ́ tí wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ ńkọ́, nítorí ìyanṣẹ́lódì tàbí àìsí iná? Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, mo rò pé ẹni tí ó lọ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ó ń béèrè ọjọ́ tuntun, kò sọ sùúrù rẹ̀ nù. Wọ́n lè pè é ní aláriwo. Kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún le ju èyí lọ. Àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ kí a máa sọ pé ìju ni, kí ayé má baà gbọ́. Ẹni tí ó bá rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili kò ní dá wọn lẹ́bi kíákíá. Òun ni olórí àjọ NAFDAC láti ọdún 2001 sí 2008, ẹni tí ó gbógun ti àwọn tí ń ta ayédèrú oògùn títí wọ́n fi yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2003, tí ọta sì gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Kí ó tó dé ipò yẹn, wọ́n ti fún un lówó rí kí ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn dókítà ibẹ̀ ní kò nílò abẹ, ó dá £12,000 padà. Ní ọdún 2014 ó wá sí Àpérò Orílẹ̀-èdè ní Abuja, ó sì ti rù gan-an. Àwòrán rẹ̀ tàn kálẹ̀, olúkúlùkù sì ń sọ ohun tí kò mọ̀. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni. Ó kú ní ilé ìwòsàn kan ní Íńdíà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún náà, ní ẹni ọdún 59. Obìnrin tí ó fi òtítọ́ ṣe iṣẹ́ ìlú tó bẹ́ẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé nípa ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí ó bá wá.

Síbẹ̀, dídákẹ́ yàtọ̀ sí pípa irọ́ ìju fún ọmọ bíbí inú ẹni. Àwọn ẹbí kan wà tí àrùn yìí máa ń tẹ̀ lé ìdílé wọn. Bí a bá fi í pamọ́ fún àwọn ọmọbìnrin, ọ̀nà ìkìlọ̀ tiwọn ni a dí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìpinnu tirẹ̀: ó sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún èmi, àti fún àwọn tí yóò bá a dé ilé ìwòsàn. Fún àwọn yòókù, ó ní ara òun kò yá, ó sì fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbo tàbí àṣírí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́. Ìtọ́jú tí wọ́n sábà ń ṣe ní ìpele kìíní ni kí wọ́n yọ ilé ọmọ kúrò, pẹ̀lú àpò ẹyin méjèèjì, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ìyẹn nìkan sì máa ń tó. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ orúkọ jẹjẹrẹ, kò sunkún. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọn yóò yọ ilé ọmọ, ó sunkún di alẹ́, ó sì ní òun kò lọ mọ́. Mo ṣì í gbọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mẹ́rin lẹ ti bí, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?” Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó dáhùn pé, “Bí wọ́n bá wó ilé Bàbá wa ní abúlé nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́, ṣé inú rẹ á dùn?”

Èdè wa dá kún ọgbẹ́ yìí. Nígbà tí a bá pe ẹ̀yà ara ní ilé, a ti sọ pé wíwó rẹ̀ jẹ́ àdánù fún ìdílé. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí ìyá Yorùbá bá fẹ́ bẹ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ tí kò ṣeé kọ̀, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ó fi ń bẹ̀ ẹ́. Ìkúnlẹ̀ jẹ́ ohun tí obìnrin ti ṣe ní ọjọ́ kan, ní wákàtí kan, tí ó sì ti ṣe tán. Abẹ kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀já tí ó fi pọ̀n ọmọ, ẹ̀yìn ni ó so ó mọ́. Mo sọ èyí fún un lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Ọ̀rọ̀ rẹ dáa. Àmọ́ olùkọ́ ni ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́. Àlàyé mi kò sì lè ran obìnrin ẹni ọdún 35 tí kò kúnlẹ̀ rí lọ́wọ́. Fún àwọn díẹ̀ nínú irú wọn, bí àrùn náà bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, àwọn dókítà lè kọ́kọ́ gbìyànjú oògùn họ́mónù, kí wọ́n sì máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Fún àwọn yòókù, àdánù ni, èmi kò sì ní fi òwe bò ó mọ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó yí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára ògiri ilé ìdáná, ó fi bírò pupa yí ọjọ́ náà po. Ní òwúrọ̀ ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń bá obìnrin Urhobo kan tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ rìn lọ sí apá odò, obìnrin náà kì í sì í béèrè ohunkóhun. Òru ni ó le. Ó ní òun máa ń jí ní agogo méjì, òun á fi ọwọ́ lé ikùn, òun á máa bínú, òun kò sì mọ ẹni tí òun ń bínú sí. Èmi a máa pè é láràárọ̀, n óò sì parí rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ ní sùúrù.” Ní ọjọ́ kan ó dá mi lóhùn pé, “Sùúrù wo? Ṣé èmi ni mo ń sáré ni? Bá mi sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo yín ti ń fi ohùn ilé òkú bá mi sọ̀rọ̀.”

Láti ìgbà náà, aáwọ̀ tí à ń ṣe nínú ẹ̀ka wa lórí ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní fonọ́lọ́jì ni mo ń ròyìn fún un, ó sì ti yan apá tí òun wà. Apá mi kọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì gééré nígbà tí mo ń kọ èyí. Nígbà tí ìwé yìí yóò bá fi dé ọwọ́ yín, ọjọ́ náà yóò ti kọjá. Wọ́n ti rí àpò ẹ̀jẹ̀ kan, ọ̀kan ni ó kù, tèmi sì bá tirẹ̀ mu. Mo ń gba ọ̀nà Ọrẹ lọ ní ọjọ́bọ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì má bínú, ìdánwò wọn di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.