Ta Ni Ó Ni Ẹ̀fọ́ Inú Ọgbà Ìjọ?

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí ilẹ̀ sì ti tutù tó láti gba ọkọ́, iṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀fọ́ tí àwọn ìjọ kan nínú wa ń pawọ́ pọ̀ dá lẹ́yìn ilé ìsìn. Àwọn ọkùnrin a kọ ebè. Àwọn obìnrin a po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ, nítorí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi lè fún un dọ́gba. Ohun tí a fẹ́ bá àwọn olùkàwé wa sọ ní oṣù yìí kì í ṣe bí a ti ń gbin ẹ̀fọ́, nítorí àwọn ìyá wa mọ èyíinì jù wá lọ. Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a yanjú kí irúgbìn tó wọ ilẹ̀: nígbà tí ẹ̀fọ́ náà bá dàgbà, ta ni yóò ni ín?

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, ní ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ, pé nígbà tí a ń pín ẹ̀fọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣiṣẹ́ gidigidi béèrè ní etí gbogbo ènìyàn pé, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ mélòó ni ẹ wá roko?” Ìyá àgbà náà, tí orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè lóṣòó mọ́, gbé ìdì ẹ̀fọ́ náà kalẹ̀ láì sọ ohunkóhun, wọ́n sì lọ sí ilé. Ìdì tẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo ni. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé kí a ní ìwé orúkọ ní ọdún yìí, kí a máa sàmì sí ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá, kí ìpín olúkúlùkù sì jẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ rẹ̀. A kò lè fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ wọn, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó jí ní ìdájí láti pọn omi kò yẹ kí ó bá agbọ̀n òfìfo pàdé ní ọjọ́ ìkórè.

Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Èkínní ni àáró, tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń lọ sí oko ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ. Àáró ní ìṣirò. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tí kò san án, ojú yóò tì í láàárín ẹgbẹ́. Èkejì ni ọ̀wẹ̀, tí ẹnì kan fi ń bẹ ará, ọ̀rẹ́ àti àna sí iṣẹ́ tí ó wúwo, tí ó sì ń fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Níhìn-ín a kì í ka ọjọ́. Àwọn tí ń béèrè ìwé orúkọ fẹ́ kí ọgbà ìjọ jẹ́ àáró. Ṣùgbọ́n àáró ta ni? Ní àáró, ẹni tí a ṣiṣẹ́ fún lónìí ni yóò san án lọ́la. Ilẹ̀ ìjọ kò ní olóko nínú wa, kò sì sí ẹni tí ó jẹ ẹnì kejì ní ọjọ́ kan. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọ̀wẹ̀ ni, ẹni tí ó bẹ̀ wá ni ó ni oko, tirẹ̀ sì ni láti sọ ẹni tí yóò jẹ.

Ó sì ti sọ ọ́. Nínú ìwé Léfítíkù orí 19 àti Deuterónómì orí 24, a pa á láṣẹ fún olóko pé kí ó má ṣe kórè dé igun oko rẹ̀, kí ó má sì padà lọ mú ìtí tí ó gbàgbé. Ti tálákà ni, àti àlejò, àti opó, àti aláìníbaba. Ẹ kíyèsí bí òfin yìí ti rí. Kò wí pé kí olóko dúró sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa bi olúkúlùkù léèrè ohun tí ó sọ ọ́ di tálákà. Inú ìkórè gan-an ni a fi àánú sí, kò dúró de ọwọ́ ẹni tí ń fúnni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí ó wá di ọ̀lẹ: láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni Rúùtù pèéṣẹ́, nígbà tí ó sì lu ọkà bálì náà tán, ó tó bí òṣùwọ̀n éfà kan. Bóásì tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí díẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀ nínú ìtí, kí wọ́n má sì bá a wí. Obìnrin náà ṣà á bí ẹni tí ń ṣa ohun tí ó bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan yóò wí pé, ọ̀lẹ ńkọ́? A sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà síwájú nínú àríyànjiyàn yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù bá wí, kì í ṣe ẹni tí kò lè ṣe é. Kò sì rọrùn láti fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí àìsàn ń bá jà ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tí ń tọ́jú arúgbó ní ilé, òfo ni yóò wà níwájú orúkọ wọn nínú ìwé náà bákan náà. Bí a bá fẹ́ ìwé orúkọ, kí a fi mọ ẹni tí a kò rí, kí a lè lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ó ní agbára ni ó ń sá fún iṣẹ́, kí àwọn bàbá ìjọ lọ bá a sọ̀rọ̀ ní ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ibi ìpín ẹ̀fọ́ kì í ṣe ilé ẹjọ́. Bí ọ̀lẹ mẹ́ta bá tilẹ̀ mú ìdì kọ̀ọ̀kan lọ, ìdì mẹ́ta ni a pàdánù. Ohun tí ìjọ tí a wí yẹn pàdánù pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí àgbẹ̀ mọ̀ ju oníwàásù lọ. A lè to iṣu jọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ tí a fà ní òwúrọ̀ Sátidé yóò ti rọ kí agogo ìsìn ọjọ́ Àìkú tó lù. Ó dàbí mánà inú aginjù, tí ó dìdin mọ́ ọwọ́ ẹni tí ó kó o pamọ́. Ẹni tí ó bá gba ìdì méje nítorí pé ó wá ní ọjọ́ méje, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ìyókù, tàbí kí ó gbé e lọ sí ọjà.

Àbá wa nìyí, iṣẹ́ ọjọ́ gbígbìn sì ni, kì í ṣe ti ọjọ́ ìkórè. Kí tẹ̀tẹ̀, tí a ń fà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wà ní àárín ọgbà, kí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ pín in ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kí àwọn ebè tí ó wà létí ọ̀nà jẹ́ ti ṣọkọ yòkòtò, gbúre àti ewúro, àwọn tí a ń gé tí wọ́n sì ń rú padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó já níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kò fi àlàfo kankan sílẹ̀ tí ojú yóò fi rí i. Kí a ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, kí a má sì fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí aládùúgbò wa tí ń lọ sí mọ́sáláṣí bá já nínú rẹ̀, òfin náà ti dárúkọ àlejò. Ẹ̀ka ewúro ni kí a kọ́kọ́ gbìn ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Ó ń ga tó èjìká ènìyàn, ẹni tí kò lè lóṣòó sì lè já a lórí ìdúró.